Lẹ́tà Tí Kò Gbọdọ̀ Ṣìnà Láàárín Ilé Ìwòsàn Méjì

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2017, àwọn ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní àárín gbùngbùn ìlú Manchester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti ilé ìwòsàn Wythenshawe tó wà ní gúúsù ìlú náà di ọ̀kan lábẹ́ òfin. Orúkọ tí wọ́n jọ ń jẹ́ láti ọjọ́ náà ni Manchester University NHS Foundation Trust, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní MFT; NHS ni ètò ìlera ìjọba níbẹ̀. Àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdíje láàárín ilé iṣẹ́ ti fọwọ́ sí i láti oṣù kẹjọ. Ibùdó méjèèjì kò tó máìlì mẹ́wàá síra wọn, síbẹ̀ oníkálukú ló ń ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn tirẹ̀, tó ń gba dókítà tirẹ̀, tó sì ń ra ẹ̀rọ tirẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi dà wọ́n pọ̀ kò ṣòroó rí.

Nínú gbogbo ohun tí ìdàpọ̀ náà yí padà, èyí tó kéré lójú ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Àdírẹ́sì ímeèlì àwọn ará àárín ìlú máa ń parí sí cmft.nhs.uk, ti àwọn ará Wythenshawe máa ń parí sí uhsm.nhs.uk, gbogbo wọn ló wá di mft.nhs.uk. Ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn rí lè ní kí àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà lọ yanjú ìyẹn lọ́jọ́ Sátidé kan, kí gbogbo ayé máa bá tiwọn lọ. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Inú àpótí ímeèlì ni dókítà ti ń gbọ́ pé èsì àyẹ̀wò ti jáde. Ibẹ̀ ni akọ̀wé ti ń mọ̀ pé ìyá arúgbó kan ò ní lè wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mọ́ nítorí pé ọmọ tó fẹ́ gbé e wá ò rí àyè níbi iṣẹ́. Ibẹ̀ ni ilé ìwòsàn kékeré ti ń bẹ ilé ìwòsàn ńlá pé kí wọ́n bá àwọn wo fọ́tò ẹ̀dọ̀fóró kan kíákíá. Ara ìtọ́jú ni àpótí yẹn. Àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn ló yẹ kó pinnu bí a ó ṣe da méjì pọ̀ àti ìgbà tí a ó dà á pọ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí àwọn ọ̀gá kọ sínú ìwé àdéhùn.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti rí ohun tí lẹ́tà tó ṣìnà ń dá sílẹ̀. Láàárín ọdún 2011 sí 2016, NHS Shared Business Services, ilé iṣẹ́ tí wọ́n gbéṣẹ́ fún láti máa darí ìwé àwọn aláìsàn sí ọ̀dọ̀ dókítà àdúgbò tó yẹ, jẹ́ kí nǹkan bí 709,000 ìwé kó jọ pelemọ láìdé ibi tó ń lọ. Èsì àyẹ̀wò wà nínú rẹ̀, ètò ìtọ́jú wà nínú rẹ̀, àkọsílẹ̀ nípa ààbò ọmọdé náà wà nínú rẹ̀. Ọdún 2017 ni àwọn aṣàyẹ̀wò owó ìjọba gbé ìròyìn rẹ̀ jáde. Bébà ni ìyẹn. Ti orí kọ̀ǹpútà kò sàn jù: lọ́dún 2023, ní Newcastle, ó hàn pé lẹ́tà tó tó 24,000 ló há sínú kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn láìjáde, tí púpọ̀ nínú wọn ń dúró de ìfọwọ́sí ẹlòmíràn nínú fódà kan tí òṣìṣẹ́ díẹ̀ péré mọ̀ pé ó wà. Kò sí olè nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, kò sí ẹ̀rọ tó jóná. Lẹ́tà dé ibì kan, ó jókòó síbẹ̀, kò sì sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti béèrè pé kí ló ń ṣe níbẹ̀. Bí ilé ìwòsàn méjì bá ń dà pọ̀, irú kọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń yọ níbi tí èèyàn ò rò.

Iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ láti orí kíka èèyàn. Dókítà kan lè ti máa ṣiṣẹ́ ní ibùdó méjèèjì kí wọ́n tó dà pọ̀, kó ní àdírẹ́sì méjì, pásíwọ́ọ̀dù méjì, kàlẹ́ńdà méjì tí ọ̀kan ò mọ ohun tó wà nínú ìkejì. Ẹnì kan ni. Ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n sí ẹni méjì. Òdì kejì rẹ̀ ló léwu jù, ìyẹn ẹni méjì tí ẹ̀rọ fẹ́ pè ní ẹnì kan. Ní ìlú bíi Manchester, tí àwọn ọmọ wa pọ̀ sí nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, kò ṣòro kí Adébáyọ̀ kan wà ní Wythenshawe, kí Adébáyọ̀ míì wà ní ilé ìwòsàn Saint Mary's láàárín ìlú, kí orúkọ àbísọ wọn náà sì bára mu. Ọ̀kan á gba àdírẹ́sì náà bó ṣe rí. Wọ́n á fi 2 kún ti ìkejì. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ẹni tó bá tẹ lẹ́tà mẹ́rin àkọ́kọ́ nínú orúkọ wọn á rí méjèèjì níwájú rẹ̀, á sì yan èyí tó wà lókè nítorí pé iṣẹ́ ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Báyìí ni àṣírí aláìsàn ṣe ń bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò kàn. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju kí wọ́n kọ wọ́ọ̀dù àti iṣẹ́ oníkálukú sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ kí wọ́n tó ṣí ìwé orúkọ náà fún gbogbo èèyàn. Ó ń gba sùúrù o, torí pé ọ̀gá wọ́ọ̀dù ló mọ ibi tí nọ́ọ̀sì kan ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ìwé owó oṣù kì í sábà mọ̀ ọ́n.

Ìdẹkùn kan tún wà tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ dáadáa. Nínú Exchange, ètò ímeèlì ti Microsoft, àdírẹ́sì tí ojú ń rí kọ́ ni ẹ̀rọ fi ń dá àwọn ará ilé mọ̀. Oníkálukú ní orúkọ àbẹ́nú kan tó gùn gbọọrọ, tí a kì í rí. Bí wọ́n bá kó àpótí ẹnì kan lọ sí ibi tuntun láìjẹ́ kí orúkọ àbẹ́nú yẹn tẹ̀ lé e, lẹ́tà tuntun á máa wọlé geere, ṣùgbọ́n ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó bá ṣí lẹ́tà oṣù tó kọjá, tó sì fèsì sí i, á gba ìdáhùn pé kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ilé iṣẹ́ tó ń ta bàtà, wàhálà ọ̀sán kan nìyẹn. Nílé ìwòsàn, lẹ́tà oṣù tó kọjá ni ìtàn aláìsàn, orí rẹ̀ ni dókítà ti ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo akọ̀wé dókítà àgbà kan láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Òun ló máa ń ṣí àpótí dókítà kí dókítà tó dé. Ó ń ka ohun tó wọlé lópin ọ̀sẹ̀, ó ń yọ èyí tí kò ṣeé dá dúró sọ́tọ̀, ó ń to ọjọ́ àwọn aláìsàn sínú kàlẹ́ńdà, ó ń wo orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún lọ́jọ́rú. Àṣẹ tí dókítà fún un láti wọ àpótí òun, inú ẹ̀rọ ló wà. Bí wọ́n bá kó dókítà lọ sórí ètò tuntun lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí wọ́n fi akọ̀wé sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ nítorí pé láti A dé Z ni wọ́n ń tẹ̀ lé orúkọ, àṣẹ yẹn lè má ṣiṣẹ́ mọ́. Aago méje lù, akọ̀wé ṣí kọ̀ǹpútà, àpótí dókítà ò sí níbẹ̀. Kàlẹ́ńdà ṣófo. Fóònù ti ń dún. Ẹni tó to orúkọ láti A dé Z kò ṣe aburú kankan lójú ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé àwọn méjèèjì ò ṣeé yà. Dókítà, akọ̀wé rẹ̀, nọ́ọ̀sì àgbà tó ń bá a ṣiṣẹ́ àti àpótí tí wọ́n jọ ń lò, alẹ́ ọjọ́ kan náà ló yẹ kí gbogbo wọn kọjá, ẹ̀ka wọn ló sì yẹ kó mú alẹ́ náà.

Èèyàn nìkan sì kọ́ ló ń fi ímeèlì ránṣẹ́ nílé ìwòsàn. Ẹ̀rọ tó ń ya ẹ̀dà ìwé ń fi ránṣẹ́. Fíríìjì tí wọ́n ń tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára sí lè jẹ́ èyí tó ń fi ímeèlì ké sí òṣìṣẹ́ bí ooru bá ti wọ inú rẹ̀. Ẹni tó tò ó bẹ́ẹ̀ lè ti fẹ̀yìn tì. Àdírẹ́sì tí fíríìjì mọ̀ lè jẹ́ ti ẹ̀ka tí ìdàpọ̀ ti pa rẹ́. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ títí di òru ọjọ́ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá ṣí sílẹ̀. Àfi kí èèyàn fẹsẹ̀ rìn láti wọ́ọ̀dù dé wọ́ọ̀dù, kó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà níbẹ̀ pé ẹ̀rọ wo ló ń ránṣẹ́, ta ló sì ń ránṣẹ́ sí.

Bí ilé ìwòsàn méjèèjì bá ti wà lórí Microsoft 365, tí oníkálukú ní ààyè tirẹ̀ níbẹ̀, òfin kan wà tí kò ní àwíjàre: orúkọ tí àdírẹ́sì fi ń parí kò lè wà ní ààyè méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò lára gbogbo àpótí, gbogbo ẹgbẹ́ àti gbogbo yàrá ìpàdé tó ń lò ó ní ààyè àkọ́kọ́ kí ìkejì tó lè gbà á. Láàárín wákàtí wọ̀nyẹn, lẹ́tà tó ń bọ̀ láti ìta lè má rí ibi wọ̀. Ohun tó ń gbani ni pé irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kì í sábà kú lójú ẹsẹ̀: server tó fi í ránṣẹ́ á dá a dúró, á máa gbìyànjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà mìíràn fún ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n dókítà tó ń retí èsì kò mọ̀ pé ẹ̀rọ kan ń gbìyànjú níbì kan. Ó kàn rò pé èsì ò tíì jáde ni. Wọ́ọ̀dù pàjáwìrì gbọ́dọ̀ ti gbọ́ ṣáájú, láti ẹnu ẹni tí wọ́n mọ̀, pé láti aago báyìí sí aago báyìí, fóònù ni kí wọ́n lò.

Ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ímeèlì báyìí. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, bí àrùn kòrónà ṣe ń wọlé, NHS ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí Microsoft Teams fún gbogbo àwọn tó wà lórí NHSmail, ètò ímeèlì gbogbogbòò tó ń parí sí nhs.net, tí àwọn tó ń lò ó lé ní mílíọ̀nù kan. Ọjọ́ mélòó kan péré ló gbà. Ìpàdé lórí àwọn tó ní jẹjẹrẹ, níbi tí oníṣẹ́ abẹ, àwọn tó ń ka fọ́tò ara àti nọ́ọ̀sì ti ń jọ gbèrò lórí aláìsàn kan, ti wá di ohun tí ẹni tó wà ní ibùdó méjì lè ṣe pọ̀ láìwọ mọ́tò. Ó wú mi lórí púpọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́tà rọrùn láti kó ju ọ̀rọ̀ tí ẹni méjì jọ sọ lórí Teams lọ. Bí ààyè méjì bá ń dà pọ̀, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ṣẹ́ kù sẹ́yìn, tàbí kó dé gẹ́gẹ́ bí fáìlì tí wọn ò lè máa bá lọ láti ibi tí wọ́n dé. Bí dókítà méjì bá ti fẹnu kò níbẹ̀ pé kí wọ́n dín oògùn aláìsàn kan kù, tí wọn ò sì kọ ọ́ sínú ìwé aláìsàn, ó ti sọnù nìyẹn.

Bí ètò ilé iṣẹ́ bá sì ti fà, WhatsApp ni gbogbo èèyàn ń sá lọ. Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 2017, nígbà tí fáírọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní WannaCry kọlu nǹkan bí 80 nínú àwọn àjọ ilé ìwòsàn 236 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, NHSmail fúnra rẹ̀ kò kó o, ṣùgbọ́n àwọn ilé ìwòsàn kan pa ímeèlì wọn fúnra wọn nítorí ìbẹ̀rù. Fóònù àti WhatsApp ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Mi ò bá wọn wí. Ẹni tí aláìsàn wà níwájú rẹ̀ kò lè dúró de ẹ̀ka kọ̀ǹpútà, àwa ará Nàìjíríà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa, nítorí pé orí WhatsApp ni púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọ́ọ̀dù ń gbà nílé. Àmọ́ fóònù yẹn, ti ẹni tó ni ín ni. Bó bá fiṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ aláìsàn bá a lọ. Ilé ìwòsàn tó bá fẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ kúrò lórí WhatsApp gbọ́dọ̀ fún wọn ní ohun tó yá bíi tirẹ̀ láti ọjọ́ kìíní ìdàpọ̀. Ìwé ìkìlọ̀ kò lè ṣe é.

Àárín ètò àtijọ́ àti ètò tuntun ló léwu jù, ó sì dà bíi pé ibẹ̀ gan-an ni ojú àwọn ọ̀gá máa ń kúrò. Ní Amẹ́ríkà, UnitedHealth ra Change Healthcare lóṣù kẹwàá ọdún 2022. Iṣẹ́ Change ni láti máa gbé ìwé owó àti àṣẹ oògùn láàárín ilé ìwòsàn, ilé oògùn àti àwọn adójútòfò. Ní ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 2024, àwọn ọ̀daràn fi orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n jí wọlé láti ẹnu ọ̀nà kan tí òṣìṣẹ́ ń gbà wọlé láti ọ̀nà jíjìn, ẹnu ọ̀nà tí kò béèrè ẹ̀rí kejì lọ́wọ́ ẹni tó ń wọlé. Ní ọjọ́ 21, wọ́n ti gbogbo rẹ̀ pa. Andrew Witty, ọ̀gá àgbà UnitedHealth nígbà náà, sọ fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lóṣù karùn-ún pé ètò àtijọ́ ni Change ń lò, pé àwọn ṣì ń tún un ṣe látìgbà tí àwọn ti rà á, àti pé àwọn san mílíọ̀nù 22 dọ́là fún àwọn tó ṣe é. Iye èèyàn tí ọ̀rọ̀ náà kàn sún mọ́ 190 mílíọ̀nù. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni. Ẹni tó ra ilé ti ní òfin pé kí gbogbo ẹnu ọ̀nà máa béèrè ẹ̀rí kejì. Òfin náà kò tíì dé ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.

Ìwé orúkọ ẹgbẹ́ náà wà, èyí tí a fi ń kọ̀wé sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, kí n má fi í sílẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún 2016, ímeèlì kan tí ẹnì kan fi ṣe ìdánwò bọ́ sọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ NHS tó ju 800,000 lọ. Àwọn kan fèsì pé kí wọ́n yọ àwọn kúrò, èsì wọn náà tún dé ọ̀dọ̀ gbogbo èèyàn, NHSmail sì ń wọ́ tuurutu títí ọjọ́ fi lọ. Kí ilé méjì tó dà pọ̀, ẹ wo ẹni tó láṣẹ láti kọ̀wé sí gbogbo ilé. Àwọn tó yẹ kó lè ṣe é ò ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ.

Mo fẹ́ kí á ronú nípa nọ́ọ̀sì alẹ́. Kò ní tábìlì, kò ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Òun àti ẹni mẹ́wàá ló ń lo ọ̀kan tó wà lórí kẹ̀kẹ́. Aago mẹ́ta òru ló ráyè ka ímeèlì tó ní kó yí pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ padà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ètò tuntun ní kó tẹ nọ́ńbà tí òun fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Fóònù rẹ̀ wà nínú àpótí tó ń tì ní yàrá ìmúra, nítorí pé òfin wọ́ọ̀dù ní kó má mú un wọlé. Ẹ̀ka tó ń ranni lọ́wọ́ ti tilẹ̀kùn láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ọmọ wa, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ẹni tí wọ́n ń pè fún alẹ́ kan níbí, alẹ́ kan lọ́hùn-ún, tí orúkọ wọn kì í tètè wọ ìwé ẹnikẹ́ni. Èmi gbà pé àwọn ló yẹ kí ìranlọ́wọ́ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, lójúkojú, lóru, kí ó tó kan àwọn tó wà ní ọ́fíìsì. Àwọn òṣìṣẹ́ kan ti rí ìdàpọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ilé ìwòsàn Trafford, tí Aneurin Bevan, mínísítà ìlera nígbà náà, ti ṣí NHS fúnra rẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 1948, bọ́ sábẹ́ àwọn ará àárín ìlú Manchester lóṣù kẹrin ọdún 2012. Kí ọdún mẹ́fà tó pé, wọ́n tún ti di MFT.

Orúkọ àtijọ́ kì í tètè kú, kò sì yẹ kí wọ́n pa á. Ní ọdún 1975 ni wọ́n kó ilé ìwòsàn Ifẹ̀ àti Wesley Guild ti Iléṣà pọ̀ sábẹ́ ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ifẹ̀. Títí dòní, bí ara ìyá ọmọ kan kò bá yá ní Iléṣà, Wesley ni wọ́n ń gbé e lọ lẹ́nu àwọn ará ìlú. Bákan náà ni dókítà àdúgbò kan ní Manchester ṣe lè ní àdírẹ́sì àtijọ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri, kó sì máa lò ó lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó bá ti àdírẹ́sì yẹn pa lẹ́yìn oṣù mẹ́fà nítorí pé ìwé àdéhùn ní kó tì í, kò tíì bi dókítà náà léèrè.

Ìpín tún le ju ìdàpọ̀ lọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2021, ilé ìwòsàn North Manchester General kúrò lábẹ́ àjọ ilé ìwòsàn Pennine Acute, ó wọ MFT; ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, àwọn ilé ìwòsàn Pennine yòókù, ní Oldham, Bury àti Rochdale, bá ti Salford di Northern Care Alliance. Bí agbanisíṣẹ́ kan bá pín sí méjì báyìí, lẹ́tà nípa aláìsàn tí wọ́n tọ́jú ní ibùdó méjèèjì, ta ló ni ín? Àwọn tó fọwọ́ sí ìwé ìpín gbọ́dọ̀ ti dáhùn ìyẹn kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí kó nǹkan, nítorí pé òfin fún aláìsàn láṣẹ láti béèrè gbogbo ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, MFT ṣí Hive, ìwé aláìsàn kan ṣoṣo lórí kọ̀ǹpútà fún gbogbo ilé ìwòsàn rẹ̀, láti ilé iṣẹ́ Epic. Irú ètò bẹ́ẹ̀ lè gba púpọ̀ nínú èsì àyẹ̀wò àti ọ̀rọ̀ láàárín dókítà kúrò nínú ímeèlì, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ aláìlera ń lọ kò sí nínú Hive, ilé ẹjọ́ kò sí níbẹ̀, ọmọ tó ń gbé ní Ìbàdàn tó fẹ́ mọ bí ara bàbá òun ṣe rí ní Wythenshawe kò sí níbẹ̀. Ímeèlì ni wọ́n máa kọ, àdírẹ́sì tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n sì máa kọ ọ́ sí. Títí di ìgbà tí odidi ọdún kan bá kọjá tí lẹ́tà kankan ò wọlé sí àdírẹ́sì àtijọ́ mọ́, kí ẹnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ṣí i láràárọ̀, kí ẹlòmíràn sì wà tó máa ṣí i lọ́jọ́ tí ẹni náà bá wà ní ìsinmi.